Nọ́ńbà Tí Òkú Ń Kà

Gbàgà!

Ilẹ̀kùn ya kúrò lára férémù, atẹ́gùn òjò gbá wọlé, ọkùnrin méjì sì tẹ̀ lé e.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni o! Ṣùgbọ́n òjò ọjọ́ náà ti sọ ojú ọ̀run di dúdú bí ìdí ìkòkò. Àrá ń sán lé àrá. Ènìyàn ìbá ké títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ, aládùúgbò kankan kò ní gbọ́.

"Ẹni tó bá mira, mo sọ ọ́ di àná!"

Ìjì ló fọhùn yẹn. Òun ni olórí wọn. Wọ́n ń pè é ní Ìjì nítorí kì í kan ilẹ̀kùn. Ńṣe ló máa ń wó o. Ìbọn ìléwọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi òjò ń kán tótó láti ẹnu ìbọn náà.

Èkejì rẹ̀ ni Ẹnjiníà, ọ̀dọ́kùnrin tínínrín kan tó ń fi ọ̀sán tún fóònù ṣe létí títì, tó sì ń ta ọ̀rọ̀ tó bá gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà rẹ̀ fún olè. Ẹnì kẹta, Má-wẹ̀yìn, wà nínú ọkọ̀ níta. Ẹ́ńjìnnì ń kùn: hùùùn, hùùùn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n bá nínú ilé: Bàbá Aláago, arúgbó tó ti fi ohun tó lé ní ogójì ọdún tún aago ṣe. Ó jókòó ti tábìlì. Awò kékeré tí àwọn oníṣẹ́ aago máa ń há mọ́ ojú kan ṣì wà lójú òsì rẹ̀, ó sọ ojú náà di ràbàtà, bí ojú ẹja ńlá. Ojú yẹn ló fi wo Ìjì.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé wọn ò kọ́ yín láti máa kí ará ilé ni?"

"Kíkí kọ́ la bá wá! Nǹkan kékeré yẹn dà? Èyí tó gùn tó ọmọ ìka, tí owó wà nínú ẹ̀!"

 Bàbá mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ọmọkùnrin rẹ̀ ló ni ín. Ọmọ náà fi ọdún mẹ́fà ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Òní èbúté yìí, ọ̀la èbúté tọ̀hún, kò sí báńkì tó lè máa sá tẹ̀ lé e kiri. Bítíkọ́ìnì ló ń sọ owó oṣù rẹ̀ dà, owó tí kò ní bébà, tó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ ayélujára ló ń gbé. Ó ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ṣí irú owó bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó sì fi fóònù kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. "Kọ́kọ́rọ́" ni Bàbá ń pè é.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà rì. Wọn ò rí òkú ẹnì kankan.

Ọdún mẹ́ta nìyí. Bàbá ò ná nínú owó náà rí. Oṣooṣù ló kàn máa ń so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ kọ̀ǹpútà, á wò ó bí ẹni ń wo fọ́tò, á sì tún tú u.

Wáyà tó fi ń so ó ló bà jẹ́ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ Ẹnjiníà. "Rọra o, ọmọ mi," ó wí nínú àìmọ̀kan rẹ̀, "owó ọmọ mi ló wà nídìí nǹkan yìí." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ọ̀gá, mo ti rí i!" Ẹnjiníà yọ ọ́ láti inú dúróò tábìlì. "Ó ku nọ́ńbà àṣírí ẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà ni. Láìsí i, òkúta lásán la gbé."

"Bàbá! Nọ́ńbà!"

"Owó òkú ni. Ẹ fi í sílẹ̀ fún un."

Gbìì! Ìjì fi ìdí ìbọn gbá a láyà. Arúgbó náà ṣubú tòun ti àga. Síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀.

Ìjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣì kù fún ẹ, àbí? Nọ́ọ̀sì ni. Aago mẹ́fà ló ń ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹnjiníà, wá àga, ká jókòó dè é."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ Bàbá lára.

"Mẹ́rin," ó wí látorí ilẹ̀.

"Ẹ̀hẹ́n!"

"Méje."

"Kọ ọ́ sílẹ̀, Ẹnjiníà! Kọ ọ́ sílẹ̀!"

"Òdo..."

Ẹnu rẹ̀ ṣí fún ẹ̀kẹrin. Ohùn ò jáde. Ìjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé etí sún mọ́ ètè rẹ̀. Èémí gbígbóná kan ṣoṣo fẹ́ wọ inú etí náà: hààà.

Ó parí síbẹ̀.

Ojú ràbàtà inú awò náà kò dì. Ìjì ló ṣì ń wò.

"Ọ̀gá, ó ti kú! Ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

Vùùùùù! Ọkọ̀ fò jáde sínú òjò.

* * *

Inú ilé ìlagi kan tí wọ́n ti pa tì ni wọ́n sá pamọ́ sí. Ẹnjiníà so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ojú kékeré ẹ̀rọ náà tàn, ó ń bèèrè nọ́ńbà.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló gbà wá láàyè," ó wí. "Tí a bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, á pa gbogbo ohun inú ẹ̀ rẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ á já sínú kànga nìyẹn."

Má-wẹ̀yìn pòṣé. "Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀ẹ̀mẹta ṣe? Arúgbó ni o! Arúgbó ò ní nọ́ńbà líle. Tẹ mẹ́rin, méje, òdo, kó o fi ọ̀kan, méjì, mẹ́ta tì í."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà kọ̀.

Ìjì já a gbà. Ó tẹ mẹ́rin, méje, òdo, ó tún tẹ mẹ́rin, méje, òdo. Ẹ̀rọ náà kọ̀.

Ó ku ẹyọ kan.

Ìjì fi okùn bàtà so ó, ó sì gbé e kọ́ ọrùn bí ońdè. "Ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án, mo gé ọwọ́ náà!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó jókòó lórí pákó, ó ń nu ìbọn. Gbogbo ibẹ̀ parọ́rọ́. Lójijì ni èémí gbígbóná kan fẹ́ sí i létí.

"Mẹ́rin."

Ó fò dìde. "Ta nìyẹn?"

Kò sí ẹnì kankan. Ìyẹ̀fun igi nìkan ló wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló sì hàn lórí rẹ̀.

"Méje."

"Mo ní ta nìyẹn!"

"Òdo."

Ó dúró, ó ń retí ẹ̀kẹrin. Hààà. Lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́rin.

Láti ọjọ́ yẹn, Ìjì ò fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ mọ́. Ó pàṣẹ kí wọ́n má pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tọ̀sán tòru. Hùùùn, hùùùn.

"Ọ̀gá, epo ń tán o," Má-wẹ̀yìn ráhùn.

"Jẹ́ kó tán! Ra òmíràn!"

Ó wo dígí ọkọ̀ láti fá irùngbọ̀n. Ojú òsì tó rí nínú dígí náà tóbi ju ti ọ̀tún lọ. Ó gbá dígí náà fọ́.

Ẹnjiníà àti Má-wẹ̀yìn wo ara wọn. 

"Ọ̀gá," Ẹnjiníà wí lọ́jọ́ karùn-ún, "ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ̀rọ yìí ní ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹẹsẹ, kò nílò nọ́ńbà, kò nílò ẹ̀rọ yìí pàápàá. Ẹ jẹ́ kí n pe ọmọbìnrin yẹn."

* * *

Ní wákàtí yẹn gan-an, Nọ́ọ̀sì, ọmọ Bàbá Aláago, jókòó sí àgọ́ ọlọ́pàá, níwájú Sájẹ́ǹtì tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́. Ọkùnrin àgbà ni Sájẹ́ǹtì. Eékún òsì ń dà á láàmú, ó sì ku oṣù méjì kó fẹ̀yìn tì. Àná ni wọ́n sin Bàbá Aláago.

"Ọmọ mi, ẹ má bínú sí ìbéèrè arúgbó," ó wí. "Tí owó náà bá wà lọ́wọ́ wọn, ṣé wọn ò ní ti ná an?"

"Owó ò sí lọ́wọ́ wọn, bàbá. Owó ò sí nínú nǹkan yẹn rí. Kọ́kọ́rọ́ lásán ni. Tí wọ́n bá jí kọ́kọ́rọ́ ilé yín, ṣé wọ́n ti jí ilé nìyẹn?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n mi ò ní lè sùn."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́. "Ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún ni ìyá kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kìlọ̀ fún bàbá mi: kò gbọdọ̀ ya fọ́tò ẹ̀, kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Bàbá mi wá fi òòlù àti ìṣó iṣẹ́ ẹ̀ lù ú sára idẹ pẹlẹbẹ kan, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó parí. Idẹ yẹn wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀."

"Ẹ ò sì tíì lọ mú un?"

"Mo dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò lè wọlé. Gbogbo aago ibẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, bàbá. Òun ló yí wọn kẹ́yìn."

Fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà àjèjì ni. Sájẹ́ǹtì ní kó gbé e, kó sì jẹ́ kí òun náà gbọ́.

"Ẹ kú ọjọ́ o, màdáámù." Ohùn náà dùn bí oyin. "Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ owó bàbá yín la ti ń pè. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. A gbọ́ pé àwọn ẹni ibi ti gbé ẹ̀rọ náà lọ. Ká lè tì í mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún yẹn sí wa létí."

Ó rẹ Nọ́ọ̀sì. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò rí ẹni bá a ṣe ohunkóhun, ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ rèé. Ó kù díẹ̀ kó ní òun á kà á bóun bá ti mú idẹ náà.

Ìgbà náà ló rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ṣe ń pariwo nínú fóònù kí ìró òkun má baà bo ohùn rẹ̀: "Ẹnikẹ́ni tó bá bi yín ní ọ̀rọ̀ yìí, bó fi ẹnu áńgẹ́lì bi yín, olè ni!"

Ta ló sì sọ fún ilé iṣẹ́ kankan pé wọ́n jí i?

Ó wo Sájẹ́ǹtì. Sájẹ́ǹtì na ìka sí i, ó ń ṣe bí ẹni ń fa okùn: fà á, fà á wálé.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," Nọ́ọ̀sì wí. "Kò sí lọ́wọ́ mi báyìí. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ló wà. Màá lọ mú un lọ́la, lágogo méjìlá ọ̀sán. Màá pè yín."

"Ọlọ́run á tù yín nínú o, màdáámù."

Fóònù kú.

"Wọn ò ní dúró kẹ́ ẹ pè wọ́n," Sájẹ́ǹtì wí. Ó ti ń wá fìlà rẹ̀.

* * *

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó sì wọlé ní tòótọ́. Oòrùn ń ràn yòò níta. Nínú ilé, aago bí ọgbọ̀n kọ́ sára ògiri: kẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Àga bàbá rẹ̀ wà nídìí tábìlì iṣẹ́, tìmùtìmù rẹ̀ ṣì tẹ̀ wọnú.

Sájẹ́ǹtì ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé láti àárọ̀, ó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Kọ́ńsítébù méjì wà lódìkejì títì, wọ́n ń díbọ́n bí ẹni ń pààrọ̀ táyà.

Nọ́ọ̀sì sọ aago ńlá kan kalẹ̀, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀. Idẹ náà bọ́ sí i lọ́wọ́, ó tutù nini.

Kíííì! Ọkọ̀ dúró níta.

"Má da ara ẹ láàmú, àǹtí nọ́ọ̀sì. Gbé e wá síbí!"

Ìjì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, Ẹnjiníà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú Ìjì ti jìn wọnú. Nọ́ọ̀sì mọ irú ojú bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù: ojú ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó dúró.

Kẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́.

"Ta ló jókòó síbẹ̀ yẹn?" ó bèèrè.

"Ọ̀gá, kò sẹ́nì kankan," Ẹnjiníà wí.

"Mo ní ta ló jókòó sórí àga yẹn tó ń kà!"

Ìgbà náà ni gbogbo aago dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbọ̀ọ̀ǹ! Gbọ̀ọ̀ǹ! Gbọ̀ọ̀ǹ! Ìjì ké bí ẹni tí wọ́n ta omi gbígbóná sí lára, ó sì yìnbọn. Pà! Pà! Pà! Àga òfìfo náà fò, ìhùùhù tìmùtìmù gba gbogbo ilé.

"Ọlọ́pàá! Ju ìbọn sílẹ̀!"

Sájẹ́ǹtì ti jáde, ó ti Nọ́ọ̀sì sábẹ́ tábìlì. Pà! Ìbọn Ìjì tún dún. Gbòò! Ti Sájẹ́ǹtì dá a lóhùn. Dígí aago ń já lulẹ̀: ṣáráwá!

Ẹnjiníà ti dojú bolẹ̀. "Ẹ má yìnbọn fún mi! Ẹ jọ̀ọ́! Fóònù ni mò ń tún ṣe!"

"Ìwọ náà ni mò ń wá," kọ́ńsítébù kan tó ti sáré wọlé wí, ó sì jókòó lé e lẹ́yìn.

Ìjì ti gba ojú fèrèsé jáde. "Wa ọkọ̀! Má-wẹ̀yìn, wa ọkọ̀!"

Vùùùùù!

Sájẹ́ǹtì àti kọ́ńsítébù kejì kó sínú ọkọ̀ tiwọn. Píò-píò-píò-píò! Wọ́n ré kọjá ilé epo, wọ́n ré kọjá ilé ìwé. Má-wẹ̀yìn ń wa ọkọ̀ bí ẹni tí ikú ń lé, ó ń gbá agolo ìdọ̀tí sọnù, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ta ló fẹ́ lé èmi bá? Mi ò wẹ̀yìn rí!"

Òótọ́ ni. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Má-wẹ̀yìn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Ìjì yí padà lórí ìjókòó, ó na ìbọn sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ṣófo.

"Sọ̀kalẹ̀!" ó ń ké. "Bàbá, sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mi! Yọ awò yẹn lójú!"

Ara Má-wẹ̀yìn bù máṣọ. Ó wẹ̀yìn.

Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni. Gbòlàààà! Ọkọ̀ fi iwájú gbá òpó irin ojú ọ̀nà rélùwéè.

Ọwọ́ Má-wẹ̀yìn ti wà lókè kí ọlọ́pàá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ mú mi," ó wí. "Ẹ kàn má jẹ́ kí n bá ọkùnrin yẹn gbé yàrá kan náà."

Ìjì ti sá wọ ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan tó wà nítòsí. Sájẹ́ǹtì fi eékún tó ń dùn ún tẹ̀ lé e, hẹ́ẹ̀, hẹ́ẹ̀.

Inú ibẹ̀ ṣófo, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹ́ńjìnnì. Kò sí aago. Ìjì yìnbọn sẹ́yìn: kẹ́. Ọta ti tán. Ó fara ti ògiri, ó di etí méjèèjì. Kò ràn án lọ́wọ́.

"Mẹ́rin. Méje. Òdo."

Hààà.

"Méjì."

Ìjì gbé orí sókè.

"Ẹ̀kẹrin nìyẹn! Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

"Méjì."

Ó bú sẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó já kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lọ́rùn, ó fi wáyà so ó mọ́ fóònù. "Kà á, bàbá! Kà á tán, kó o lọ sinmi! Mẹ́rin, méje, òdo, méjì, méjì..."

"Mẹ́sàn-án."

Ó tẹ mẹ́sàn-án.

Ojú ẹ̀rọ náà ṣú. Ó tún tàn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan jáde: a ti pa ohun gbogbo rẹ́.

Ìjì tẹjú mọ́ ọn. Ó gbọ́ èémí náà létí rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó dà bí ìgbà tí arúgbó bá rọra rẹ́rìn-ín.

"Ó parọ́!" Igbe náà mi páànù òrùlé. "Bàbá yẹn parọ́ fún mi!"

Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Sájẹ́ǹtì, ó na ọwọ́ méjèèjì. Kẹ́! Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wọ̀ ọ́.

* * *

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Nọ́ọ̀sì ra ẹ̀rọ tuntun. Kò rà á lọ́jà, kò gba àlòkù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ aṣojú àwọn tó ṣe é ló lọ, ó sì yẹ èdìdì ara páálí wò kó tó sanwó. Sájẹ́ǹtì bá a délé, nítorí ó ní òun ò ní fi í sílẹ̀ títí yóò fi parí.

"Ẹ má bínú, bàbá," Nọ́ọ̀sì wí, "ẹ kọjú sí ògiri."

"Èmi? Ọlọ́pàá?"

"Ẹ̀yin náà, bàbá."

Sájẹ́ǹtì yí àga, ó kọjú sí ògiri bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ ara idẹ náà sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó tẹ ìkẹrìnlélógún, ó dúró. Ó yan nọ́ńbà àṣírí tuntun. Ó tún dúró.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ yọ. Owó oṣù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tò sísàlẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé, ọdún mẹ́fà gbáko. Èyí tó kẹ́yìn wọlé ní ọjọ́ méjì ṣáájú kí ọkọ̀ náà tó rì. Ó fi ìka kan kàn án.

"Ó wà níbẹ̀?" Sájẹ́ǹtì bèèrè látojú ògiri.

"Ó wà níbẹ̀."



"Ọkùnrin yẹn ò jẹ́ kí àwọn ará àtìmọ́lé sùn," Sájẹ́ǹtì wí. "Ó ní bàbá yín ló ka nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sóun létí. Ó ń búra sí i. Ó ní bàbá yín parọ́ fóun."

Nọ́ọ̀sì gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ.

"Bàbá mi? Kò jẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀! Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ò parọ́ rí láyé ẹ̀!"

Sájẹ́ǹtì kò yí padà.

"Láyé ẹ̀ lẹ wí yẹn, ọmọ mi."